Odò Ọ̀nà, Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé àti Àwọn Ẹyẹ Etí Omi

Lónìí, mo fẹ́ kí á jọ rin ìrìn-àjò kan tí kò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Etí odò ni a ó máa gbà lọ. A ó bẹ̀rẹ̀ ní Ajíbọ́dẹ, ní ilẹ̀ Àkínyẹlé, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn. Odò Ọ̀nà ni odò tí a ó máa tẹ̀ lé.

Ẹlòmíràn nínú yín lè máa wí lọ́kàn rẹ̀ pé, "Odò Ọ̀nà kẹ̀? Ṣé èyí tí mo ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ náà ni?" Òun náà ni. Ohun tí a bá ń rí lójoojúmọ́ ni a kì í sábà wò dáadáa. Bí ẹ bá dúró létí odò yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí i bí ó ti ń rọra ṣàn láàárín ọparun àti koríko, bí ẹni tí kò fẹ́ kí á mọ̀ pé òun ń kọjá. Ṣùgbọ́n odò jẹ́jẹ́ yìí ni ó ti ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn ní omi mu láti ọdún pípẹ́ wá. Òun kan náà ni ó sì wó afárá, tí ó gbé ilé, tí ó gbé ènìyàn lọ ní òru ọjọ́ kan ní 2011. Báwo ni odò kan ṣe lè jẹ́ ìyá olóore lónìí, kí ó sì di ẹlẹ́rù lọ́la? Ìbéèrè tí a fẹ́ wá ìdáhùn sí nìyẹn.

IBI TÍ ODÒ NÁÀ TI Ń WÁ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ orísun rẹ̀, nítorí àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwa tí a ń mu omi odò náà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé orísun yìí.

Odò kì í ti ojú kan ṣoṣo tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ìṣàn kéékèèké ni ó ń para pọ̀ di odò. Ní ìhà àríwá Ìbàdàn, láàárín àwọn abúlé àti oko ilẹ̀ Àkínyẹlé, ni àwọn ìṣàn tí ó di Odò Ọ̀nà ti ń sun. Bí òjò bá rọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́ kan níbẹ̀, apá kan rẹ̀ a wọ inú ilẹ̀ lọ, apá kejì a ṣàn lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. A dé inú ìṣàn, ìṣàn a sì gbé e dé inú odò. Èyí tí ó wọ inú ilẹ̀ kò ṣègbé o. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ jáde nísàlẹ̀ òkè, òun sì ni kì í jẹ́ kí odò gbẹ tán lóṣù kejì ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú.

Ẹ wá fi ojú inú wo àwokòtò ńlá kan. Bí omi bá kán sí etí rẹ̀ níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ àwokòtò náà ni yóò ṣàn lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ tí ó yí odò ká rí. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan ni àwokòtò odò náà. Àwokòtò Odò Ọ̀nà, láti orísun rẹ̀ títí dé Ẹlẹ́yẹlé, lé ní 300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Kìlómítà onígun mẹ́rin kan ni ilẹ̀ tí ó gùn ní kìlómítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan. Ẹ wo ilẹ̀ bí irú èyí ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú oko rẹ̀, ilé rẹ̀, ọjà rẹ̀, títì rẹ̀, ààtàn rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Gbogbo rẹ̀ ló ń da omi sínú odò kan náà.

Láti Ajíbọ́dẹ, odò náà ń lọ sí ìhà gúúsù. Ó ń gba Apẹ̀tẹ̀ kọjá, ó sì dé Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé e. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ó ń gba ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Ìbàdàn kọjá. Odò Ògùnpa tí ó la àárín ìlú já, àti Kúdẹ̀tì pẹ̀lú, omi tiwọn náà ń bọ̀ wá sínú rẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn náà ni Odò Ọ̀nà á gba inú igbó lọ sí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, títí omi rẹ̀ yóò fi dé ọ̀sà lẹ́bàá òkun. Nítorí náà, ẹ̀kán òjò tí ó kán sí orí páànù ilé kan ní Ajíbọ́dẹ lè dé ọ̀sà bí ọ̀nà rẹ̀ bá là.

OHUN TÍ DÁÀMÙ JẸ́

Nígbà kan tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọdé, ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ sókè, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé dáàmù ló ń bí omi ni?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ni kò mọ ìdáhùn ìbéèrè náà.

Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. Ìkòkò ni dáàmù. Ṣé ìkòkò omi tí ó wà nílé yín ló ń bí omi ni?"

Ó ní, "Rárá sà. Ìyá mi ló ń pọnmi sí i."

Mo ní, "Ó dára. Bí ìyá rẹ bá pọn omi tó mọ́ sí i, kí ni ẹ ó bù mu?"

Ó ní, "Omi tó mọ́ ni sà."

"Bí ó bá pọn ẹrẹ̀ sí i ńkọ́?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹrẹ̀ náà ni a ó bù."

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọmọ yẹn ti sọ ọ́ tán. Dáàmù kò bí omi, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yan irú omi tí yóò gbà. Ohun tí àwokòtò odò bá rán sí i ni ó ń tọ́jú dè wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń sé odò. Wọn a wá ibi tí òkè kù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí odò sì ń gba àárín kọjá. Wọn a fi amọ̀, òkúta tàbí kọnkéré mọ odi ńlá dí ọ̀nà odò náà. Omi tí ó ń bọ̀ kò ní rí ibi gbà mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kún sẹ́yìn, yóò sì di adágún. Ṣùgbọ́n odi kò gbọdọ̀ dí pátápátá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀nà kan tí omi tí ó bá pọ̀ jù yóò máa gbà kúrò. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, tàbí bí ó bá kéré jù, omi yóò gun orí odi, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní 1942 ni wọ́n sé Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé. Kí ó tó di ìgbà náà, omi ìṣàn àti omi kànga ni àwọn ará Ìbàdàn ń mu. Ìyà omi kì í ṣe kékeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àrùn inú omi a sì máa bá àwọn ènìyàn jà. Láti inú adágún Ẹlẹ́yẹlé ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sókè. Wọn a da álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀. Wọn a gba omi náà kọjá nínú iyanrìn kí ó lè mọ́, wọn a sì fi kẹ́míkà kọlorín pa àwọn kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó ń gba inú páìpù wọ ìlú. Ẹ kíyè sí i pé bí omi bá ti dọ̀tí tó ni oògùn àti owó tí wọn yóò ná lé e lórí yóò ti pọ̀ tó.

Kì í ṣe Ẹlẹ́yẹlé nìkan ni dáàmù tí ó wà nítòsí wa. Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sé ìṣàn Awba ní 1964 kí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè ní omi tirẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, adágún ńlá kan wà tí wọ́n fi ń bomi rin ohun ọ̀gbìn. Nígbà tí Ìbàdàn sì gbòòrò kọjá ohun tí Ẹlẹ́yẹlé lè bọ́, wọ́n lọ sé Odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrẹ́, ní ìhà Ẹgbẹ́dá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ibẹ̀ ni omi ẹ̀rọ Ìbàdàn tí ó pọ̀ jù ti ń wá báyìí. Gbogbo ìwọ̀nyí yàtọ̀ sí dáàmù Kàínjì lórí odò Ọya, tí wọ́n parí ní 1968, nítorí iná mànàmáná ni wọ́n torí rẹ̀ sé odò yẹn. Omi mímu ni Ẹlẹ́yẹlé wà fún.

ÀWỌN ẸYẸ ETÍ OMI

Ẹlẹ́yẹlé! Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ẹni tí ó ni ẹyẹlé ni à ń pè ní ẹlẹ́yẹlé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹyẹ wà nínú orúkọ ibẹ̀, nítorí níbi tí omi bá dúró sí, ẹyẹ kò ní ṣàì dé. Ẹ jẹ́ kí á jókòó jẹ́ẹ́ sí etí omi ní kùtùkùtù, kí á wo àwọn tí yóò wá.

Ẹni àkọ́kọ́ ni lékeléke, aláṣọ funfun. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo wa ni a ti na ọwọ́ sí i rí pé kí ó fún wa ní èékánná funfun. Lékeléke a máa bá màlúù rìn, kì í ṣe nítorí ọ̀rẹ́, bí kò ṣe nítorí tata àti àwọn kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń jí dìde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a gba òkè Ọya lọ láti lọ pamọ. Bí òjò bá dá, wọn a tún padà.

Ẹni kejì ni ẹyẹ apẹja kan tí ara rẹ̀ jẹ́ dúdú-òun-funfun. Ẹ ó rí i tí ó dúró sójú kan lójú òfuurufú, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n wìrìwìrì, tí ó sì dojú ẹnu rẹ̀ gígùn kọ ìsàlẹ̀. Lójijì, yóò já bọ́ sínú omi bí òkò, yóò sì gbé ẹja jáde. Irú ẹyẹ yìí kan náà ni àwọn ará Íńdíà ń rí létí odò tiwọn. Ojú ni ẹyẹ yìí fi ń ṣọdẹ. Bí omi bá di ẹrẹ̀, kò ní rí ẹja mọ́, yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí ó ń pẹja nínú omi kan, ẹ mọ̀ pé omi náà ṣì ní ojú díẹ̀.

Ẹni kẹta ni ó máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu jù. Ẹyẹ aláwọ̀ igi kan ni, iwájú orí rẹ̀ dà bí aró, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn gan-an. Lórí ewé òṣíbàtà àti ojú oró ni ó ń rìn kiri, tí ènìyàn yóò fi rò pé orí omi gan-an ni ó ń tẹ̀. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀ o. Ìka gígùn yẹn ni ó ń pín ìwúwo ara rẹ̀ sí ibi púpọ̀, bí ẹni tí ó tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀ kí ó tó gbà á kọjá. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ èyí: akọ ẹyẹ yìí ni ó ń sàba lé ẹyin, òun ni ó ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, yóò kó àwọn ọmọ náà sí abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, yóò sì gbé wọn sá lọ. Ìyá wọn ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn!

Àwọn àlejò náà ń bẹ. Ẹyẹ kékeré kan wà tí ó ń rìn létí omi, tí ìdí rẹ̀ kì í dúró, sókè-sódò ni ó ń mì í. Ó ń ti Yúróòpù bọ̀ nígbà tí òtútù bá fẹ́ mú níbẹ̀, ó ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì ń bá wa gbé títí òṣù kẹrin ọdún. Kò ní ìwé ìrìnnà, kò sì sí aṣọ́bodè tí ó dá a dúró.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù kì í gbé lórí omi. Inú igbó ni ó ń gbé. Gbogbo yín ni ẹ mọ ẹ̀gà, aláriwo tí ń hun ilé rẹ̀ sórí ọ̀pẹ. Ẹ̀gà ní ìbátan kan tí ń gbé inú igbó, tí ara rẹ̀ dúdú, tí pupa sì wà ní orí àti àyà rẹ̀. Ní 1958, Ọ̀gbẹ́ni J. H. Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ nípa ẹ̀dá alààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn nígbà náà, kọ̀wé nípa ẹyẹ yìí fún gbogbo ayé, ó sì fi orúkọ ìlú wa sọ ọ́: *Malimbus ibadanensis*. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí nìkan ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ẹyẹ tí ó lè run bí a kò bá ṣọ́ra, nítorí pé igbó tí ó ń gbé ń tán lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ṣì ti ń rí i ni igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA, kò sì jìnnà sí Ajíbọ́dẹ. Àwọn ilẹ̀ oko àtijọ́ kan tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti padà di igbó.

Ẹ lè béèrè pé, kí ni ẹyẹ inú igbó ní í ṣe pẹ̀lú omi mímu? Ó ní púpọ̀ í ṣe. Igbó tí ó gba ẹyẹ náà sílé ni ó ń gba òjò dúró. Ewé ni òjò kọ́kọ́ ń bà, kì í ṣe ilẹ̀. Ewé jíjẹrà tí ó bo ilẹ̀ ń mu omi bí kànìnkànìn, gbòǹgbò sì ń di erùpẹ̀ mú. Bí a bá gé igbó náà, ẹyẹ yóò lọ, erùpẹ̀ náà yóò sì lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹyẹ lè ṣègbé, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ kò ní ṣègbé. Isàlẹ̀ adágún Ẹlẹ́yẹlé ni yóò lọ jókòó sí.

Ohun tí ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ti gba àyè omi nínú adágún náà. Ìkòkò tí ẹrẹ̀ bá kún dé ìdajì, ìdajì omi ni yóò gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò ńlá ni lójú. Koríko orí omi kan tí òdòdó rẹ̀ dà bí èsè àlùkò náà ti dé. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà, ní ìhà Àgbádárìgì. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n níbi tí ìdọ̀tí ilé àti ajílẹ̀ oko bá ti ń wọ omi, yóò yó, yóò bí sí i, yóò sì bo ojú omi pátápátá. Ẹja inú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn tí ó tó, ọkọ̀ apẹja kò sì ní rí ọ̀nà gbà.

ÒRU TÍ OMI YALÉ

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí omíyalé. Àwọn àgbà kò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí Ògùnpa ya bo ìlú, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó kan Odò Ọ̀nà náà. Nǹkan bí 187 mìlímítà òjò ni ó rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó. Omi wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ba adágún ìsìn ẹja rẹ̀ jẹ́. Ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ó kú káàkiri ìlú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú bébà àti lẹ́ẹ̀dì, kí á ṣe ìṣirò kan. Bí òjò 187 mìlímítà bá rọ̀ sí orí òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, omi tí yóò ṣàn kúrò lórí òrùlé kan ṣoṣo yẹn lé ní 18,000 lítà. Bí a bá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ń gba 20 lítà, yóò lé ní 900 kẹ́ẹ̀gì. Ta ni nínú yín tí ó lè ru 900 kẹ́ẹ̀gì? Ilẹ̀ kìlómítà onígun mẹ́rin kan yóò gba mílíọ̀nù 187 lítà. Ẹ wá rántí pé àwokòtò Odò Ọ̀nà lé ní 300 irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí omi tó dé Ẹlẹ́yẹlé.

Òjò ńlá ti wà láyé kí a tó bí wa. Kò sí ẹni tí ó lè dá òjò dúró. Ṣùgbọ́n ní ayé àtijọ́, púpọ̀ nínú òjò náà ń bọ́ sórí igbó. Ilẹ̀ a mu nínú rẹ̀, ìyókù a sì rọra dé odò ní ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì. Lóde òní, orí páànù, orí títì ọlọ́dà àti àgbàlá tí a fi símẹ́ńtì dí ni ó ń bọ́ sí. Páànù kì í mu omi. Gbogbo rẹ̀ ń sáré dé odò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀pọ̀ èrò tí ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Bí pàǹtí bá tún dí abẹ́ afárá, tí àwọn kan sì ti kọ́lé sójú ọ̀nà tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà, kí ni ẹ rò pé omi yóò ṣe? Omi kì í bá ènìyàn jà. Ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń wá.

Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 láti yá wa fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, afárá àti ojú odò wà nínú iṣẹ́ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó lè tún odi dáàmù ṣe, kò lè máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé olúkúlùkù wa lójoojúmọ́ láti wo ibi tí a ń da pàǹtí sí.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ ỌWỌ́ WA

Ẹ jẹ́ kí á dán nǹkan kan wò. Ẹ wá àwo fífẹ̀ méjì. Ẹ bu erùpẹ̀ gbígbẹ lásán sínú ọ̀kan. Ẹ wú erùpẹ̀ tòun ti koríko tí ó hù sórí rẹ̀ sínú èkejì. Ẹ gbé àwo méjèèjì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òkè, kí ẹ fi abọ́ gbe ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ wá bu omi ife kan wọ́n orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé láti inú àwo àkọ́kọ́, omi yóò yára jáde, pupa bí ẹrẹ̀. Láti inú àwo kejì, yóò lọ́ra, yóò kéré, yóò sì mọ́ jù. Ohun tí ó wà nínú abọ́ méjèèjì ni ẹ̀kọ́ wa ti òní. Bí olùkọ́ yín bá gbà, ẹ ṣe é nínú kíláàsì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, mo mọ̀ pé àkùrọ̀ ni ẹlòmíràn fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. N kò ní kí ẹ má dáko o. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ro ilẹ̀ dé bèbè odò. Ẹ fi ọparun, igi àti koríko sílẹ̀ ní etí omi, kí wọ́n máa di ilẹ̀ mú. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kọ ebè dábùú òkè, kí ó máa dá omi dúró. Bí ẹ bá kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, ọ̀nà ni ẹ là fún omi láti kó ọ̀rá ilẹ̀ yín lọ. Iyanrìn tí ó ń dí Ẹlẹ́yẹlé, ọ̀rá ilẹ̀ oko ẹnìkan ni tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì da oògùn kòkòrò sínú omi láti fi pẹja. Ẹni tí ó bá fi májèlé pẹja, ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò mu ìyókù májèlé náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibi tí omi máa ń dé nígbà tí odò bá kún, kí ẹ sì jìnnà sí ibẹ̀. Ilẹ̀ etí odò lè pọ́ọ́kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni ó ń gba ìyókù owó rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, pàǹtí tí a dà sínú gọ́tà nígbà tí òjò ń rọ̀ kò lọ síbi kankan tí ó jìnnà. Abẹ́ afárá ni ó lọ dúró sí, ó ń dúró de òjò tí ó tóbi jù.

Ajíbọ́dẹ àti àwọn abúlé tí ó wà lókè rẹ̀ wà ní òkè odò, Ẹlẹ́yẹlé sì wà ní ìsàlẹ̀. Ará òkè odò àti ará ìsàlẹ̀ odò lè má mọ orúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan ni wọ́n ti ń bumi. Ẹni tí ó wà lókè ni ó ń pọn ọ́n fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí a bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni a ó tẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún dé etí odò lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ omi náà. Ẹ wò ó bóyá ẹyẹ apẹja ṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ jẹ́ kí inú yín dùn. Bí ẹ kò bá rí i mọ́, ẹ má bi ẹyẹ léèrè ibi tí ó lọ. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí a pọn sínú ìkòkò.

Ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyí. Ó dìgbà kan ná. Ire o.